Ẹ Jẹ́ Kí Onígbàgbọ́ Lè Sọ Pé Ó Rẹ Òun

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí Kristẹni ṣe lè di ìgbàgbọ́ mú nígbà ìṣòro. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ibi tí òǹkọ̀wé ti ní ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá múlẹ̀ kì í rẹ̀wẹ̀sì ni mi ò ti lè tẹ̀ lé e.

Ṣé Èlíjà ò nígbàgbọ́ ni? Òun ló gbàdúrà tí iná fi bọ́ látọ̀run lórí òkè Kámẹ́lì níṣojú 450 wòlíì òrìṣà Báálì. Kò pẹ́ rárá tí Jésébẹ́lì, aya ọba Áhábù, fi ránṣẹ́ pé òun máa pa á, ló bá sá wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí. Áńgẹ́lì ló fọwọ́ kàn án, àkàrà orí ẹyín iná àti orù omi sì wà lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó jẹun, torí ọ̀nà tó wà níwájú jìn. Ó di ìgbà tó rìn dé òkè Hórébù kí Ọlọ́run tó bi í pé, "Kí lò ń ṣe níbí?" Oúnjẹ àti oorun ló kọ́kọ́ dé o, kí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Fílípì 4:6 ni wọ́n sábà máa ń kà sétí ẹni tí ìdààmú bá: "Ẹ má ṣe àníyàn ohunkóhun." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù sì ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì fún ohun tí wọ́n fi rán Ẹpafíródítù, arákùnrin wọn, sí i. Ó sì sọ fáwọn ará Kọ́ríńtì láìfi bò pé ìyà tó jẹ àwọn ní Éṣíà pọ̀ débi pé àwọn ò retí ẹ̀mí mọ́. Sáàmù 88 ńkọ́? Ìyìn kọ́ ló parí sí, òkùnkùn ni.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ arábìnrin kan nínú ìjọ wa, ọkọ rẹ̀ sì tún dùbúlẹ̀ àìsàn. Àdúrà táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ kún orí fóònù rẹ̀ fọ́fọ́. Tó bá ní ó rẹ òun, wọ́n á ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀, ó ti dára lórúkọ Jésù!" Bó ṣe panu mọ́ nìyẹn. Ìyá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló wá sílé, ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sùn. Ọ̀sán gangan ni o. Ìgbà tó jí ni wọ́n tó jọ gbàdúrà. Arábìnrin náà ní látìgbà tí wàhálà ti dé, àdúrà yẹn lòun kọ́kọ́ ṣe àmín sí látọkàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní mo fẹ́ dín agbára àdúrà kù. Rárá o, èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́, tí ikú ń wù ú, ẹ tún mú un lọ bá dókítà. Pọ́ọ̀lù pàápàá ní dókítà lọ́rẹ̀ẹ́: oníṣègùn olùfẹ́ ló pe Lúùkù.

Bí òǹkọ̀wé yín bá tún máa kọ̀wé, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí àwa tí ara tù. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Kó kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó yẹn. Ẹ sì fún àwọn tó wà nínú ìpọ́njú náà láyè láti kọ tiwọn, kódà bí ẹ̀rí ò bá tíì sí lẹ́nu wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín