Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Òwò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára. Òwò aṣọ ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo ṣe títí eékún mi fi kọ̀. Ọ̀pọ̀ yín mọ ọjà á tà, mo rí i. Owó rẹ̀ gbígbà ló ń sọ yín dìdàkudà, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Òṣómàáló ni bàbá mi, bíi ti ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á gbé e lọ sábúlé àwọn olóko kòkó, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì dájọ́. Bọ́jọ́ bá pé tí onígbèsè ń sọ tọ̀tún sọ tòsì, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi.” Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Àwọn èèyàn rò pé agídí lásán ni. Rárá o. Kí bàbá mi tó tú ẹrù rẹ̀ lábúlé kan, ó ti mọ ẹni tó loko níbẹ̀, ó ti mọ alágbàṣe. Ó mọ̀ pé láti oṣù Ọ̀wàrà lọ ni owó kòkó ń wọlé, kò sì jẹ́ dájọ́ owó fún àgbẹ̀ sí oṣù Òkúdù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí WhatsApp, ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí owó oṣù oníbàárà yín ń wọlé?

Bàbá mi ò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ilà sára ògiri yàrá, ilà kan fún ṣílè kan. Tí wọ́n bá san án, á fi omi nù ún kúrò. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn iye tó kù. Àti pé jẹ́ẹ́ ló máa ń lóṣòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé àwòrán onígbèsè sórí Facebook. Ẹni tí ẹ bá tú láṣìírí ò ní rà lọ́wọ́ yín mọ́ láéláé.

Ọdún tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo gba àǹkárá àwìn lọ́wọ́ ìyá kan, ọ̀pá 12 nídìì kọ̀ọ̀kan. Mo tà á tán. Ìsìnkú dé nílé wa, mo bá fi ojú owó ra aṣọ ẹbí. Ọjọ́ pé, mo sá fún ìyá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ló fà mí lọ síbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ní, “Ṣé owó ló dùn mí ni? Sísá tí o sá fún mi ló dùn mí.” Ó tó ọdún kan gbáko kó tó tún gbé ọjà lé mi lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní àpò méjì, ojú owó nínú ọ̀kan, èrè nínú èkejì. Inú àpò èrè nìkan ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo sì ti ń dá àjọ. Alájọ ń yọ ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ka ìyẹn sí òfò, torí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìnákúnàá mi.

Ẹ ṣí ìwé yín lálẹ́ òní, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ yín lówó. Lódìkejì ewé náà, ẹ kọ ti àwọn tí ẹ jẹ. Bí ẹ bá rí ẹnì kan níbẹ̀ tí ẹ ò ní lè san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá, ẹ lọ bá a lọ́la, kó tó di pé òun ló ń wá yín kiri.