Òwú Ló Yẹ Kó Di Ìwé Mú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ìwé ṣíṣe: kí wọ́n máa fi òwú rán an, kí wọ́n yé gbójú lé gọ́ọ̀mù. Bó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé á gan, á sán, ewé ìwé á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé Ìhìnrere Jòhánù kékeré kan wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé ní 1,200 ọdún tí wọ́n ti fọwọ́ rán an, òwú rẹ̀ ṣì dì í mú.

Bébà A4 mẹ́rin tí a tò léra, tí a ká sí méjì, á di ojú-ewé 16. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ibi tí ẹ ká. Ẹ lu ihò mẹ́ta láti inú: ọ̀kan ní àárín gbùngbùn, méjì yòókù ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. Òwú sẹ̀ǹtímítà 50 tó. Ẹ fi àbẹ́là pa á lára kó má baà lọ́. Ẹ ti inú jáde nínú ihò àárín, ẹ fi ìrù òwú sílẹ̀ sínú, ẹ wọlé níhò òkè, ẹ gba inú lọ sí ti ìsàlẹ̀, ẹ jáde, kí ẹ tún padà wọ ti àárín. Kí ìrù kan wà lọ́tùn-ún òwú gígùn inú, èkejì lósì, kí ẹ tó ta kókó. Bí ẹ bá ń fà á le, ẹ fà á tẹ̀lé gígùn ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó bá fà á sókè á ya ihò.

Fọ́nrán bébà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-tín tó para pọ̀ di bébà, ni ọ̀pọ̀ kì í wo ibi tó tò sí. Nínú A4, ẹ̀gbẹ́ gígùn ló sábà máa ń tò sí, nítorí náà bí a bá ká a sí méjì, ibi tí a ká á dábùú fọ́nrán, fọ́nrán á ṣẹ́, ìwé á sì máa dìde bí a bá ṣí i. Ẹ rọra tẹ bébà wò lọ́nà méjèèjì láìká a: ọ̀nà tó bá ti rọ̀ jù ni kí ẹ ká. Bí fọ́nrán A3 bá tò sí ẹ̀gbẹ́ gígùn, ẹ gé e sí A4 méjì, wọn á ká dáadáa.

Ó ku èèpo ìwé. Bí ẹ bá fi sítáàṣì lẹ ańkárá mọ́ páálí èèpo, omi inú sítáàṣì á mú aṣọ fẹ̀, aṣọ á sì sún kì bó ti ń gbẹ, páálí á tẹ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ inú páálí pẹ̀lú, kí ẹ gbé ìwé wúwo lé e fún wákàtí 24. Ẹ má sì jẹ́ kí sítáàṣì nípọn, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Àwa aránwé,
Ìbàdàn.