Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú Ìwé Ìjọ Kí Ẹ Tó Mọ Búlọ́ọ̀kù

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí owó kòkó bá ti wọlé, tí ojú ọjọ́ sì gbẹ, ìkésíni síbi ìfìpìlẹ̀lélẹ̀ àti ìyàsímímọ́ ilé ìjọsìn kì í tán nílẹ̀ ní Àkúrẹ́, Òǹdó, Ilé-Olújì, Ìdànrè àti àwọn abà tó yí wọn ká. Inú wa máa ń dùn sí i. Akọ̀wé, akápò àti alámòójútó iṣẹ́ ilé ni àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí, nínú àwọn ìjọ kéékèèké Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ní agbègbè yìí. Ohun tí kì í hàn nínú fọ́tò ayẹyẹ la fẹ́ kọ nípa rẹ̀: ìwé orúkọ, ìwé owó àti ìwé ilẹ̀. Ìjọ tó bá ń mọ búlọ́ọ̀kù kó tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjà ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wo bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ ilẹ̀ Òǹdó. Ọ̀nà tí Glover, aláṣẹ ìlú Èkó, ṣí gba Òǹdó ní 1872 ló mú kí àwọn oníwàásù CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè gba ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn wọlé. David Hinderer, ará Jámánì tó ti sìn ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, dé Òde-Òǹdó ní 1875. Charles Phillips, ọmọ Yorùbá, wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1877. Bíbélì Yorùbá lódindi kò tíì sí nígbà náà. 1884 ló jáde. Apá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ni. Nígbà tí wọ́n fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Isaac Oluwole ní 1893, ọdún 16 ti kọjá tó ti ń kó ènìyàn jọ ní ẹyọ ẹyọ. Ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí CMS ń béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òǹdó láyé ìgbà yẹn. Ó di 1952 kí Òǹdó àti Benin tó jọ di díósíìsì (agbègbè bíṣọ́ọ̀bù) kan, ó sì di 1983 kí Àkúrẹ́ tó ní tirẹ̀.

Ìjọ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ ẹnìkan, agbolé márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n jọ ń gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Ojú ewé kan fún agbolé kan: orúkọ ọkọ, aya àti ọmọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n ti ṣe ìsàmì tàbí ìtẹ̀bọmi, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, àti ìjọ tí wọ́n ti wá. Kí ìwé ìsàmì, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn, kí alùfáà tàbí kátíkíìsì sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí wọ́n bá sọ pé àwọn máa kọ lọ́la, wọn kì í kọ ọ́ mọ́.

Kíka èrò yàtọ̀ sí ìwé orúkọ. Ẹ máa ka ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìjọ ṣe tó, ẹ yọ Kérésìmesì, Àjíǹde àti ìkórè kúrò, torí ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọ wa máa ń ti Èkó àti Àbújá dé. Ẹ ro ọ̀sẹ̀ 12 tí kò sí ayẹyẹ pọ̀, kí ẹ pín in sí 12. Iye tó bá jáde ni ìjọ yín. Ìjọ tó bá fi èrò ọjọ́ ìkórè díwọ̀n gbọ̀ngàn ló máa ń jókòó sínú ilé tí ìdajì rẹ̀ ṣófo, tí wọn kò sì lówó láti fi òrùlé bo ìyókù.

Ètò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sọnù ni kíláàsì. Gbèsè ilé ìjọsìn ló bí i! Ní ìlú Bristol, ní 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, ń wá bí wọn yóò ṣe san gbèsè ilé tí wọ́n kọ́. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ènìyàn bíi 12, pẹ́nì kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan sì ń lọ láti ilé dé ilé gbà á. Ẹni tó ń gba owó ló kọ́kọ́ rí aláìsàn, òun ló rí tọkọtaya tó ń jà, ìtọ́jú ọkàn sì borí owó. Ìjọ èyíkéyìí lè lo ètò yìí. Kí olórí kíláàsì má ní ju agbolé mẹ́fà tàbí méje lọ, kó sì máa sọ fún akọ̀wé ní gbogbo oṣù ẹni tó kó lọ, ẹni tó bímọ, àti ẹni tí wọn kò rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn ọmọdé ni kí ẹ náwó lé lórí ṣáájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Olùkọ́ kan fún bí ọmọ mẹ́wàá, àgbàlagbà méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn kí wọ́n lè ka Bíbélì fún ìyá àgbà nílé. Nínú abà, ẹ rántí àwọn alágbàṣe tó wá láti ilẹ̀ Ẹbira, Tiv àti Ìgèdè. Ẹ wá ẹni tó lè túmọ̀ ìwàásù fún wọn.

Ní ti owó, ènìyàn méjì tí kò bá ara wọn tan ni kó máa ka ọrẹ ní gbangba, kí èrò tó tú ká. Wọ́n á kọ iye owó bébà kọ̀ọ̀kan, igba náírà mélòó, ẹgbẹ̀rún náírà mélòó, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ajé, odindi rẹ̀ á lọ sí báńkì. Ẹ má ṣe yọ owó epo jẹnẹrétọ̀ nínú rẹ̀ kó tó débẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé owó ti kọ́kọ́ máa ń dàrú. Orúkọ ìjọ ni kí àkáǹtì jẹ́, ẹni mẹ́ta ni kó ní ìbuwọ́lùwé níbẹ̀, méjì nínú wọn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Àkáǹtì ilé kíkọ́ dá dúró. Ẹ̀jẹ́ tí àwọn ènìyàn jẹ́ lọ́jọ́ ìkówójọ, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iye tó wà ní báńkì ni kí ẹ fi ra sìmẹ́ńtì. Ìkórè kòkó ńlá wà láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, kékeré a sì tún wà ní àárín ọdún. Ẹ bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn sí àsìkò méjèèjì, ẹ má fi dandan lé oṣù kẹjọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Bí olówó kan bá sì fẹ́ dá òrùlé ṣe, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, òun kò yá ìjọ lówó. Láìsí ìwé yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ lè wá béèrè owó náà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ilẹ̀ ló ń fọ́ ìjọ jù. Ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń rà. Tí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà lójú òfin. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e tí wọ́n bá lọ pẹjọ́. Nítorí náà olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́ bóyá ìjọba ti gbà á. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, nítorí náà rísíìtì ẹbí nìkan kò tó. Ẹ lọ gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí.

Orúkọ tí ẹ máa kọ sínú ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá wà lábẹ́ díósíìsì tàbí àpapọ̀ ìjọ kan, orúkọ àwọn alágbàtọ́jú (trustees) tó ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni, kì í ṣe orúkọ pásítọ̀, kì í sì í ṣe ti bàbá ìjọ. Ìjọ tó dá dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ àwọn alágbàtọ́jú tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti 2020, òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni òfin ìjọ tí a kọ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti yàn wọ́n, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Bí alágbàtọ́jú kan bá kú, ẹ tètè fi òmíràn rọ́pò. Bí gbogbo wọn bá kú tán kí ẹ tó yan òmíràn, ìjọ ò ní rẹ́ni fọwọ́ síwèé fún un.

Nígbà tí ìwọ̀nyí bá dúró, ẹ wá mú okùn ìwọ̀n. Ilé ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú àti 60 ní gígùn tó fún ọ̀pọ̀ ìjọ kékeré. Ẹ fi ẹsẹ̀ 5 ṣe ọ̀nà àárín, ẹsẹ̀ 2 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ku 21 fún àga. Ààyè ẹsẹ̀ kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 14 ni ìlà kan gbà. Ẹ fi ẹsẹ̀ 14 sílẹ̀ fún pẹpẹ, 4 fún ẹnu ọ̀nà, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ 3: ìlà 14 ló máa wọlé, ènìyàn 196. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 sí 120 lè gba ilé náà, ṣùgbọ́n kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ìgbẹ́ ní bí ẹsẹ̀ 100, kò sì ní sí ibi tí mọ́tò máa dúró. Púlọ́ọ̀tì méjì ni kí ẹ wá.

Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ẹsẹ̀ 3 ó kéré tán, kó fẹ̀ tó ínṣì 27, kí kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó ínṣì 9. Bí àpò sìmẹ́ńtì 40 ni yóò gbà. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan tó yí ilé náà ká jẹ́ búlọ́ọ̀kù 120. Ìlà 5 nínú ilẹ̀ àti 16 lókè, ó ti lé ní 2,500. Ibi ọ̀wẹ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù: búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 bíi 30 ni kí ẹ mọ láti inú àpò kan. Ẹni tó bá mọ 50 láti fi dín owó kù, òjò àkọ́kọ́ ni yóò fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ má gbé ògiri sókè bí owó òrùlé kò bá tíì wà ní báńkì, nítorí omi á wọ inú rẹ̀, irin á sì dípẹtà. Tí ẹ bá ń da bíìmù òkè, ẹ fi irin sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ fi de pákó òrùlé mọ́lẹ̀. Ìjì oṣù kẹta àti kẹrin máa ń ṣí páànù ilé ìjọsìn tí wọ́n kàn gbé pákó rẹ̀ lé ògiri láìdè é.

Ní àwọn ìjọ tó ti pẹ́, ikán àti ọ̀rinrin ń jẹ ìwé ìsàmì. A bẹ̀ yín, Olóòtú, ẹ bá wa ké sí wọn kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì díósíìsì tàbí ti àpapọ̀ ìjọ wọn, kí wọ́n sì gbé ojúlówó rẹ̀ kúrò nínú fẹ́sìtírì (yàrá alùfáà) tó ń jò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn akọ̀wé, akápò àti alámòójútó iṣẹ́ ilé ìjọ,
Àkúrẹ́