Àṣàkẹ́ mi, má há ìṣirò sórí mọ́

Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ẹ ní kí n kí ẹ, gàrí tó o béèrè ti wà nílẹ̀, a máa gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá wò yín. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù ni ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, o ní "Dádì, ìṣirò ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ìyá mi ò wọ kíláàsì kankan rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ka àlùbọ́sà tí wọ́n dé márùndínláàádọ́ta, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti yọ 5 kúrò nínú 50 nìyẹn, àádọ́ta ọ̀hún gan-an, 60 tí wọ́n yọ 10 nínú ẹ̀ ni. Ẹnu la fi ń ṣèṣirò nílé wa ọjọ́ ti pẹ́.

Mo wo nóòtù ẹ nígbà tó o wá lo họ́lídè. Mi ò bínú o. O kọ ọ́ pé (a + b)² jẹ́ a² + b², tíṣà fi báírò pupa fagi lé e, o wá kọ èyí tó tọ́, a² + 2ab + b², sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó lè wọ orí. Ohun tó dùn mí ni pé o ò béèrè kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ ò fi tọ́. Èmi náà há tèmi sórí nígbà tí mo fẹ́ ṣe WAEC, mo jókòó tán, gbogbo ẹ̀ fò lọ, mo kàn ń wo bébà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń lẹ táìsì sí bàlùwẹ̀ kan ní Lugbe l'Ábújá, táìsì 7 ní ìbú, 7 ní gígùn, 49 lápapọ̀. Bí mo ṣe rántí nóòtù ẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sílẹ̀, 3 lápá kan, ká pè é ní a, 4 lápá kejì, ká pè é ní b, mo tún fà á bẹ́ẹ̀ ní ìdábùú. Igun kan gba 9, igun tó dojú kọ ọ́ gba 16. Ro ó pọ̀, 25 péré. Ṣé kí n wá fi ilẹ̀ tó kù sílẹ̀ fún onílé lásán ni? Apá méjì ló ṣẹ́ kù, 3 ní ìbú 4 ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 12, 24 nìyẹn, òun ni 2ab tó o ń há sórí yẹn! Jọ̀ọ́ gba bébà, ya àwòrán ẹ̀ síbẹ̀, kó o fi ìka kà á níkọ̀ọ̀kan.

Má sì jẹ́ kí ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè dẹ́rù bà ẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Tá a bá ń lọ sí Kabba ní December, ọ̀nà Lọ́kọ́ja la máa gbà, mo máa fi Sheda hàn ẹ́, ibẹ̀ ni National Mathematical Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 wà, àwọn tó fi ìṣirò ṣiṣẹ́ ṣe ló wà níbẹ̀, àwọn náà máa ń ṣì í kí wọ́n tó rí i.

Tí tíṣà bá tún kọ fọ́múlà sí bọ́ọ̀dù, bi wọ́n léèrè ibi tó ti wá. Tójú bá ń tì ẹ́, kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtù dè mí. Mo máa mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Dádì ẹ