Orin Tó Ṣí Ilẹ̀kùn Ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Ọjọ́ náà ni wọ́n bí Samuel Beckett ní 1906 àti Seamus Heaney ní 1939, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland méjèèjì tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọjọ́ náà ní 1964 ni Sidney Poitier di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar olú òṣèrékùnrin. Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ti pẹ́ ju ìwọ̀nyí lọ.

Ní 1742, ní Dublin, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah ní gbangba, orin ńlá nípa Jésù tí Handel, gbajúgbajà òǹkọ̀wé orin, ṣe. “Haleluya” inú rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dìde dúró fún. Wọ́n ti bẹ àwọn ọkùnrin kí wọ́n fi idà sílé, kí àyè lè gba èrò. Nǹkan bí 700 ènìyàn ló há sínú gbọ̀ngàn náà.

Susannah Cibber ló kọ “A kẹ́gàn rẹ̀, a sì kọ̀ ọ́,” ọ̀rọ̀ Aísáyà 53. Ẹjọ́ àgbèrè kan ní London ti ba obìnrin yìí lórúkọ jẹ́. Ẹni tí ayé kẹ́gàn ló ń kọrin Ẹni tí ayé kẹ́gàn! Wọ́n ní àlùfáà kan ké láti ìjókòó rẹ̀ pé, “Obìnrin, nítorí èyí, a dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́!”

Owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn méjì gba ìpín tiwọn. Ìyókù, wọ́n fi san gbèsè àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí owó. 142 ènìyàn ló gba ìtúsílẹ̀. Mo máa ń ro ọ̀kan nínú wọn. Bóyá kò gbọ́ orin náà rí. Wọ́n ṣáà pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó sì ń lọ sílé.

Ẹni tí wọ́n bá ti dógò tì rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá kan láàárín wa gba ẹ̀yìnkùlé wọ ìsìn fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé ẹni tó yá a lówó máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó ń ká gèlè rẹ̀ sápò kí wọ́n má baà dá a mọ̀ lọ́nà.

Nítorí náà, owó igbá ìrọ̀lẹ́ orin tọdún yìí kò ní bá ti ẹ̀rọ amúnáwá lọ. Gbèsè àwọn ará wa la ó fi san. Ẹni tó bá mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kó wá bá mi ní bòókẹ́lẹ́. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Ẹ̀yin akọrin, a ó pàdé ní Ọjọ́bọ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Olùṣọ́-àgùntàn yín