Ẹran tí wọ́n tà kọ́ ni ẹran tó wọkọ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù kan tí àkọlé ìròyìn yín ń pariwo pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí Amẹ́ríkà ń kó lọ sókè òkun ti lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìwé tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Títà ló lọ sílẹ̀. Ẹran tó wọkọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ, ó sì wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, ìlà bíi méjì sí ibi tí akọ̀ròyìn yín kà mọ. Inú ń bí èèyàn, nítorí àṣìṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin nìkan sì kọ́ lẹ ń ṣe é.

Gbogbo ẹni tó ń fọkàn bá ọjà ẹran lọ mọ ìwé tí mò ń wí, ìyẹn ìròyìn ọ̀sẹ̀ lórí ohun tí Amẹ́ríkà tà àti èyí tó kó lọ sókè òkun. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni USDA, ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, máa ń gbé e jáde, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ní Washington, àfi tí ọjọ́ ìsinmi bá dí i lọ́wọ́. Ẹran màlúù ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀. Ohun tó máa ń ṣáájú nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni títà tó dúró, ìyẹn àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ èyí tí oníbàárà fagi lé kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sọ iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n kó jáde ní ti gidi. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìlérí orí bébà. Èkejì jẹ́ ẹrù tó ti kúrò nílẹ̀. Akọ̀ròyìn yín mú àkọ́kọ́, ó fi orúkọ èkejì pè é.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye àfiwé là á yé wa. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀nù 30,000 sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tà ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì kó fún oníbàárà. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ta 28,000 tuntun, àwọn oníbàárà sì fagi lé 6,000. Títà tó dúró jẹ́ 22,000. Lọ́sẹ̀ kan náà, 31,000 wọkọ̀. Ohun tó kù nílẹ̀ yóò jẹ́ 30,000, ká fi 22,000 kún un, ká yọ 31,000 kúrò: 21,000. Bí títà tó dúró lọ́sẹ̀ tó ṣáájú bá jẹ́ 40,000, ẹ ó gbé e jáde pé ẹran tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun fi ìdá 45 nínú 100 dínkù. Bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀nù 31,000 ṣì ń lọ lórí omi àti lójú títì bí ẹ ṣe ń tẹ̀wé yín! Ohun tó yẹ kó kan ẹni tó mọṣẹ́ nínú àfiwé yìí ni 21,000 yẹn, pé ẹrù tó kù láti kó ti ń fà sẹ́yìn, tí yóò sì hàn nínú ẹrù tó ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i bí àdéhùn tuntun kò bá rọ́pò rẹ̀. Ẹ kò sọ ìyẹn. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ìdí tí títà fi máa ń lọ sókè-sódò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ wo itan ẹlẹ́dẹ̀ tó ń lọ sí Mẹ́síkò. Tútù ni, eegun sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú àpótí páálí ńlá tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 900, nǹkan bí 20 irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọkọ̀ àjàgbé kan sì ń kó. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ajé lè ti kọjá bodè Laredo kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Fún irú ẹran yìí, títà àti kíkó kì í jìnnà síra.

Ẹran tútù tó ń lọ sí Jàpáànì tàbí Gúúsù Kòríà kì í rìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń tà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ilé ìpẹran tó mọ ọjọ́ tí yóò gé e. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá rẹ̀ tán kí ọ̀rá lè lẹ̀ mọ́ ẹran pẹ́kípẹ́kí. Kọ̀ntẹ́nà tó ń gbé e ní ẹ̀rọ tó ń mú un tutù nítòsí -1 dígírì Celsius: kò gbọdọ̀ dì, nítorí bó bá dì, kò lè pe ara rẹ̀ ní ẹran tútù mọ́, iye rẹ̀ sì já, kò gbọdọ̀ gbóná, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ń kúrú ni. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń lò lórí òkun. Oníbàárà tó bá ti ra ẹran oṣù kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní nǹkan í rà lọ́sẹ̀ yìí. Kò sá lọ. Ẹran rẹ̀ ló ń retí.

Owó ibodè náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2021, ẹran màlúù Amẹ́ríkà tó wọ Jàpáànì kọjá ìwọ̀n tí àdéhùn òwò wọn fàyè gbà, owó ibodè bá fò láti ìdá 25.8 sí 38.5 nínú 100 fún ọgbọ̀n ọjọ́, láti ọjọ́ 18 oṣù náà títí di ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin. Ta ni kò ní dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé? Ti Kòríà bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 40 ní 2012, ó ń dínkù lọ́dọọdún ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, títí ó fi di òdo ní 2026. Ẹni tó bá ra ẹrù ní ìparí oṣù Kejìlá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nídìí láti fẹ́ kó wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun. Kí ìwé ìròyìn tó sọ pé ọjà bàjẹ́, ó yẹ kó wo kàlẹ́ńdà ná.

Oṣù Kìíní tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọdún òwò ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ohun tí wọ́n tà tí wọn kò tíì kó á bọ́ sínú ọdún tuntun. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tó kó òpin ọdún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ máa ń já sí méjì nínú ìwé, kò sì sí ìdá kankan nínú ọgọ́rùn-ún tó lè fi ìlàjì ọ̀sẹ̀ wé odindi. Síbẹ̀ ọdọọdún lẹ ń ṣe é.

Nípa ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yìí gan-an: bí títà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 2,000, tí ti ọ̀sẹ̀ yìí sì jẹ́ 6,000, ẹ ó kọ pé ó fi ìdá 200 nínú 100 gbéra. Tọ́ọ̀nù 4,000 ló lé, ìyẹn nǹkan bíi kọ̀ntẹ́nà 200 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba 20. Ilé ìtajà ńlá kan ṣoṣo lè rà á fún ìpolówó ọjà rẹ̀ kan.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ìwé náà pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣi akọ̀ròyìn lọ́nà, síbẹ̀ wọ́n ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìwé náà kì í jáde rárá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti iṣẹ́ pa fún ọjọ́ 35 láti oṣù Kejìlá 2018, ìwé náà kò jáde. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2025 títí di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá ni wọ́n ń tú jáde ní ìtẹ̀léra, tí ọjà ti kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun dé, ètò náà dàrú, wọ́n kó iye tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ní ọjọ́ 25 padà, wọ́n sì sá padà sórí ti àtijọ́. Ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án kí èèyàn tó tún rí iye tó ṣeé gbára lé. Òfin sọ pé olùtajà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ròyìn títà rẹ̀ lè san owó ìtanràn tó tó $25,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ta ló ń bi àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì léèrè nígbà tí àwọn fúnra wọn bá kùnà?

Mi ò sọ pé ìwé náà kò wúlò o. Ní oṣù Kẹta 2025, ìforúkọsílẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ ẹran màlúù Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ Ṣáínà parí, Ṣáínà kò sì tún un ṣe nígbà náà, bó tilẹ̀ tún ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ẹran màlúù tó ń lọ síbẹ̀ gbẹ bí odò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń to ìlà Ṣáínà pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títà, kíkó àti èyí tó kù nílẹ̀, rí i kedere. Ẹni tó ń ka iye àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò rí nǹkan kan, nítorí Jàpáànì àti Kòríà ṣì ń rà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò gbówó lórí: ẹ tẹ àtẹ kékeré méjì jáde ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan fún màlúù, ọ̀kan fún ẹlẹ́dẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ní: Jàpáànì, Gúúsù Kòríà, Mẹ́síkò, Kánádà, Ṣáínà, àti gbogbo àwọn yòókù. Ọwọ̀n márùn-ún: títà tó dúró lọ́sẹ̀ yìí, ẹran tó jáde lọ́sẹ̀ yìí, ìpíndọ́gba ẹran tó jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí wọ́n ti tà tó ṣì wà nílẹ̀, àti àpapọ̀ ohun tó ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ kan náà lésìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ṣí ìpíndọ́gba yẹn kiri: bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́rin á jáde. Tọ́ọ̀nù ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí títà orílẹ̀-èdè kan bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ẹ kọ sábẹ́ àtẹ bóyá ìfagilé ni àbí wọ́n kàn yí ẹrù kan náà sórúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn, nítorí ìyípadà máa ń hàn bí àdínkù níhìn-ín àti àlékún lọ́hùn-ún, akọ̀ròyìn a sì máa gbé àdínkù nìkan. Kí ẹ sì fi í ṣòfin láàárín ara yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "kó lọ sókè òkun" nínú àkọlé àyàfi tó bá ti inú ọwọ̀n kejì tàbí ìkẹta wá. Ẹran tí wọ́n tà kọ́ ni ẹran tó wọkọ̀.

Ẹ fi ìlà kan sábẹ́ àtẹ náà pé ahọ́n, ẹ̀dọ̀, ìfun àti ẹsẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹran ara nìkan ni USDA ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ màlúù tó ń lọ sí Íjíbítì kò fi hàn, tí àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò sì fi bá iye oṣooṣù mu nígbà tí wọ́n bá ti ka nǹkan inú ẹran mọ́ ọn.

Fún àwọn aláṣẹ USDA: ẹ fi kíkó síwájú títà nínú ìpínrọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìtìpa ìjọba kan ìwé yìí mọ́. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ní òfin pé títà tó bá tó tọ́ọ̀nù 100,000 sí ibì kan lójúmọ́ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún USDA ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹran kò ní irú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n tà lọ́jọ́ Ẹtì kò ní hàn fún aráyé títí di ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá ìwọ̀n tó bá ẹran mu.

Àkọlé ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yín di àárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe kí ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ tó jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín