Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru bíléèdì ayùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ fún wa láyè díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ayùn irin, ìyẹn ayùn tí wọ́n fi ń gé irin. Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún ilé ṣe ni pé bíléèdì òde òní ò dáa, ó ń ṣẹ́ kí rọ́ọ̀dù kan tó gé tán. Gbàrọgùdù wà lọ́jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bíléèdì tó ṣẹ́, ọwọ́ ló ṣẹ́ ẹ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo iye eyín tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn iye tó wà nínú ínǹṣì kan. Rọ́ọ̀dù mílímítà 12 tàbí 16, eyín 18 ni. Áńgù, ìyẹn irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, tí ò nípọn, 24. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 32. Ó kéré tán, eyín mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa kan irin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àlàfo eyín bá fẹ̀ ju ara páìpù lọ, páìpù á há sáàárín eyín méjì, eyín á sì máa já bọ́ bí ẹni ń yín àgbàdo.

Ẹ̀yìn eyín ni kó kọjú sí èèkù, torí títì ni ayùn irin fi ń gé. Ẹ yí nọ́ọ̀tì alápá méjì tó wà lára ayùn títí bíléèdì ò fi rọ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi bí ìyípo mẹ́ta lé e. Bíléèdì tó dẹ̀ á wọ́, á lọ́, á sì ṣẹ́.

Ọmọ tẹ́ ẹ ní kó fẹsẹ̀ tẹ irin mọ́lẹ̀ kì í ṣe fáìsì o! Bí fáìsì, irinṣẹ́ tó ń di irin mú ṣinṣin, ò bá sí, ẹ fi kíláǹpù méjì de rọ́ọ̀dù mọ́ tábìlì tó wúwo, kí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé má jìnnà ju ínǹṣì kan lọ sí kíláǹpù. Tó bá jìnnà, irin á máa gbọ̀n, eyín á sì máa fọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì onígun mẹ́ta ha ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé díẹ̀ kí ayùn má bàa yọ̀. Ẹ lo gígùn bíléèdì látòkè délẹ̀, bí ìgbà 40 sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó bá ń lọ, kẹ́ ẹ dẹwọ́ tó bá ń bọ̀. Ìkánjú ló ń mú kó gbóná, kó sì kú.

Èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù nìyí: bíléèdì àtijọ́ kú sáàárín iṣẹ́, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n ti tuntun bọ ojú ibi tí àtijọ́ ti gé, ó há gbagidi, ó sì ṣẹ́. Eyín bíléèdì kì í tò gbọọrọ, ó yà sọ́tùn-ún sósì kí ojú ibi tó ń gé lè fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí eyín bá ti ń kú ni yíyà yẹn ń dínkù, ojú náà á sì máa há. Tuntun ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ yí irin pa dà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì títí ẹ ó fi pàdé.

Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí irin láìjẹ ẹ́, bíi sípíríǹgì ọkọ̀, ayùn ò ní gé e, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà. Nígbà tó bá kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí irin tẹ́ ẹ ń gé já, ẹ dẹwọ́, kẹ́ ẹ gbá orí kejì mú. Ẹ má fọwọ́ kan ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé: ó gbóná, ó sì mú bí abẹ títí ẹ ó fi fi fáìlì ha á.

Àwa oníṣẹ́ irin kan,
Ìbàdàn.